Ẹ má tíì ra lẹ́ńsì mìíràn

Ọ̀gá mi, ẹ ní fọ́tò tí ẹ ń fi ẹnlájà àtijọ́ yẹn, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán fíìmù sórí pépà kó lè tóbi, fọ máa ń ṣe bàìbàì ní igun ọ̀tún, àti pé bí iná bá ti pẹ́ díẹ̀, àárín náà á tún bàjẹ́. Ẹ ní wọ́n ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ ra lẹ́ńsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ mú owó yín ná. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ, po, kí apá òsì rẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún. Bí bàìbàì náà bá tẹ̀ lé àwòrán lọ sí òsì, inú fíìmù ló ti wá, ẹnlájà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bó bá dúró sí igun ọ̀tún, ẹ̀rọ ló wọ́.

Ibi mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ dọ́gba: ibi tí nẹ́gátíìfù sùn sí, ibi tí a de lẹ́ńsì mọ́, àti pátákó ìsàlẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré, irú tí àwọn bíríkìlà ń lò, ni èmi fi ń wò ó, ní ìbú àti ní òró. Kò pọn dandan kí omi rẹ̀ dúró sí àárín gbùngbùn. Kó ṣáà ti dúró sójú kan náà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lára tèmi n'Ìbàdàn, ibi tí a de lẹ́ńsì mọ́ ló wọ́. Mo gé páálí tíì tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi há a lápá kan, mo tún súkúrù dè, kò sì yẹ̀ mọ́.

Ẹ má fojú kéré ìwọ́ tín-ńtín lókè. Bí ẹ bá ń fẹ àwòrán sí ìlọ́po 8, tí nẹ́gátíìfù sì fi mìlímítà 1 kúrò nípò, ojú ibi tí àwòrán ti ń mú kedere á fi nǹkan bíi mìlímítà 64 yẹ̀ nísàlẹ̀. Òkè ni kékeré ti ń di ńlá; nítorí náà ni mi ò ṣe ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bí pépà tó wà nísàlẹ̀ ṣe nípọn tó.

Ti àárín tó ń bàjẹ́ yẹn, ooru gílóòbù ni. Fíìmù tí gíláàsì ò tẹ̀ mọ́lẹ̀ á gbóná, á wú lójijì. Ẹ tẹjú mọ́ pátákó: hóró àwòrán, àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán, á mú ṣáṣá, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ́ mọ́ra wọn láìjẹ́ pé ọwọ́ kan kan kàn án. Ẹ jẹ́ kó wú tán, kí ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì gbayawu, kí ẹ wá tún ojú àwòrán ṣe títí á fi mú kedere, kí ẹ tó pa ihò náà dé f/8, tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fa gíláàsì pupa bo iná nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ pépà, kí fíìmù má baà tutù padà. Gíláàsì méjì tí a fi há fíìmù láàárín dára jù, àmọ́ eruku rẹ̀ pọ̀, ti òkè sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òrùka aláràbarà á yọ sí fọ́tò.

Bó bá ṣì ń ṣe bàìbàì káàkiri, ẹ gbé ife omi sórí tábìlì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bí ojú omi bá ń gbọ̀n, ẹnlájà náà ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì. Bí ebu bá ti ta bí òwú aláǹtakùn síbẹ̀, ẹ ra òmíràn: 50mm fún fíìmù 35mm, 75mm tàbí 80mm fún 6×6, ìyẹn fíìmù ńlá tí àwòrán rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ní ìbú àti ní òró.