Irú aṣọ wo ni kí ẹni tó wúwo àti ẹni tó fúyẹ́ wọ̀ kí eré wọn lè dọ́gba tí wọ́n bá jọ fi pẹrẹṣúùtì bẹ́ látinú bàálù, kí pẹrẹṣúùtì tó ṣí?

Ẹni tó fúyẹ́ ni kó wọ aṣọ tó fún mọ́ra tó ń yọ̀ bíi nylon, ẹni tó wúwo kó wọ gbàgẹ̀rẹ̀ bíi kọ́tìnì, torí atẹ́gùn máa ń dá aṣọ tó fẹ̀ dúró. Téèyàn bá dojú bolẹ̀, eré ẹ̀ á tó nǹkan bíi kìlómítà 190 ní wákàtí kan, aṣọ wá lè fi díẹ̀ kún un tàbí kó dín in kù. Abẹ́ apá ni wọ́n sábà máa ń fi aṣọ kún fẹ́ni tó wúwo, wàá rí i tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ìyẹ́. Tí aṣọ fífún ò bá tó, ẹni tó fúyẹ́ lè de bẹ́líìtì òjé mọ́ ìdí, àmọ́ pẹrẹṣúùtì náà ló máa gbé ẹrù yẹn o, á sì yára balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.