Ṣé iyọ̀ ìsọmọlórúkọ náà ni iyọ̀ àwọn oníkẹ́mísírì?

Ìyá kan béèrè pé: "Olùkọ́ ọmọ mi ní kálísíọ́mù kilóráìdì náà jẹ́ iyọ̀. Ṣé èyí tí a fi ń sọmọ lórúkọ ni?"

Rárá o, Màmá, ẹ má fi tọ́ ọmọ lẹ́nu. Iyọ̀ tí a fi ń wúre kí ayé ọmọ dùn, sódíọ́mù kilóráìdì ni. Lẹ́nu àwọn oníkẹ́mísírì, orúkọ ìdílé ni iyọ̀. Tinú ọbẹ̀ wa, ọmọ kan péré ni nínú agbo ilé náà. Káún pàápàá, ọmọ ibẹ̀ ni.

Ẹ wo bí tinú ọbẹ̀ ṣe di iyọ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tín tó wà ní ìpele-ìpele nínú átọ́ọ̀mù, 11 ni sódíọ́mù ní: 2, 8, ó wá ku ẹyọ 1 ní ìpele òde. Kilórínì ní 17: 2, 8, 7. Ẹyọ kan yẹn bọ́ kúrò lọ́wọ́ sódíọ́mù, ó bọ́ sọ́wọ́ kilórínì, ìpele òde àwọn méjèèjì wá di 8. Kálísíọ́mù ní 2 tó máa bọ́, kilórínì kan ò sì lè gbà ju 1 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń gba kilórínì méjì.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní sódíọ́mù "fi tọrẹ" ni. Èmi ò gbà. Kí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù yẹn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ná ni ní agbára kílójúùlù 496 fún mólù kan (iye átọ́ọ̀mù kan pàtó tí àwọn oníkẹ́mísírì fi ń ṣírò); kilórínì tó gbà á, 349 péré ló ń dá padà. Àdánù gbáà! Ibi tí èrè wà ni ìgbà tí wọ́n bá tò jọ: èyí tó pàdánù ń fa èyí tó gbà mọ́ra, nǹkan bíi 787 sì ń jáde. Kì í ṣe méjì-méjì ni wọ́n ń tò o. Kilórínì 6 ló yí sódíọ́mù kọ̀ọ̀kan ká, sódíọ́mù 6 ló yí kilórínì kọ̀ọ̀kan ká, gbogbo wọn dira mú gírígírí. Ṣúgà á ti jó di èédú nínú ìkòkò kí iyọ̀ tó mira. Ó di 801°C kó tó yọ́.

Áyọ́nù ni wọ́n ń pe àwọn tó ti pàdánù tàbí tó ti gbà yìí. Michael Faraday ló mú orúkọ náà jáde ní 1834 láti inú èdè Gíríìkì: "ohun tó ń lọ." Nínú iyọ̀ gbígbẹ, wọn ò lọ síbì kankan. Ẹ bu omi sí i, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀; ohun tó jẹ́ kí iná mànàmáná lè gba inú omi iyọ̀ kọjá nìyẹn.