Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Áńpíà Tó Ń Pa Kọ̀ǹpútà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà mi máa ń kú pii láàárín géèmù. Páwà sọ́púláì rẹ̀ (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) jẹ́ 750 wáàtì, GPU (ṣíìpù tó ń ya àwòrán) ń jẹ 350, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ń jẹ 125. Ooru àwọn méjèèjì kò tó 75°C. Ibo ni wàhálà wà?

ÌDÁHÙN: Ẹ yọ ooru kúrò nínú ẹ̀sùn náà ná. CPU tí ooru bá ń dà láàmú kì í ṣàdédé kú. Ó kọ́kọ́ máa ń dín eré kù, ní 95°C tàbí 100°C lórí ọ̀pọ̀ ṣíìpù òde òní. Ìgbà tí ìyẹn ò bá ràn án ló tó pa ara rẹ̀. Èyí tó bá kú láìkọ́kọ́ fà, páwà sọ́púláì ni kí ẹ fura sí.

350 wáàtì tí ẹ rí yẹn, ìpíndọ́gba ni. Fún ìgbà tó kéré gan-an, tí ojú kò lè rí, tí sọ́fítíwíà kò sì lè kà, GPU ńlá lè fa ohun tó sún mọ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń wo ìṣàn iná inú páwà sọ́púláì á rí i, á ka ìfà yẹn sí ewu, á sì gé iná. Ìlànà ATX 3.0 tó jáde ní 2022 ló ní kí páwà sọ́púláì tó ní ihò tuntun onípíìnì 12 lè fara da ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ fún 100 máíkírósẹ́kọ́ǹdù. Àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀.

Bó bá jẹ́ GPU NVIDIA ni, ẹ ṣí ojú ìwé àṣẹ (Command Prompt) pẹ̀lú ẹ̀tọ́ alákòóso, kí ẹ tẹ nvidia-smi -pl 280, tó ń fi òpin wáàtì GPU sí 280, kí ẹ wá ta géèmù kan náà. Bí kò bá kú mọ́, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. (Bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn, àṣẹ yẹn á pòórá, ẹ ní láti tún un tẹ̀.) Ẹ wo wáyà náà: ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi wáyà kan olórí méjì bọ ihò onípíìnì 8 méjèèjì, bẹ́ẹ̀ 150 wáàtì ni wọ́n ṣírò fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún ihò kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ láti inú páwà sọ́púláì. Bó bá ṣì ń kú ní 250, ẹ pààrọ̀ páwà sọ́púláì náà, ẹ má fi àkókò ṣòfò.

Àmì kan tún wà: bí bọ́tìnì kò bá dáhùn àfi tí ẹ bá pa súìṣì ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, páwà sọ́púláì ló ti ara rẹ̀ pa. Ní ti Event 41 tí Windows ń kọ sílẹ̀, pé kọ̀ǹpútà tún tàn láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ nìkan ló ń sọ. Kò mọ ẹni tó pa á.

ÌBÉÈRÈ: Nínú BIOS mi (ètò ìpìlẹ̀ inú mọ́dábọ́ọ̀dù), mo rí PL1 àti PL2 ní 4096 wáàtì, ICCmax sì jẹ́ 511 áńpíà. Core i9-13900K ni. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Iye yẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù ti wó ọgbà, kò sí òpin mọ́. PL1 ni wáàtì tí CPU lè máa jẹ pẹ́ títí, PL2 ni ti ìgbà kúkúrú, ICCmax ni òpin áńpíà, ìyẹn ìwọ̀n ìṣàn iná. Ẹ fi PL1 àti PL2 sí 253, ICCmax sí 307. Bí fáànù yín bá kéré, ẹ sọ PL1 di 125.

Ìdí tí áńpíà fi ní òpin tirẹ̀ ni pé 253 wáàtì ní fọ́ọ̀tì 1.25 ti lé ní 200 áńpíà. VRM, ìyẹn apá mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń sọ fọ́ọ̀tì 12 di kékeré fún CPU, ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Bí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru tí wáyà àti kọ́ìlì rẹ̀ ń mú wá á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí agbára òòfà inú kọ́ìlì bá kún tán, kò ní lè dá ìṣàn náà dúró mọ́, áńpíà á fò sókè, VRM á sì gé iná fúnra rẹ̀.

Ẹ gbé BIOS tuntun wọlé pẹ̀lú. Fọ́ọ̀tì tó ga jù ba ọ̀pọ̀ ṣíìpù Intel ìran 13 àti 14 jẹ́. Máíkírókóòdù 0x129 (ìtọ́ni fún CPU tí BIOS ń gbé wọlé) tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ 2024 kò jẹ́ kí ṣíìpù béèrè ju fọ́ọ̀tì 1.55 lọ. Èyí tó ti bàjẹ́ ṣáájú kò ní torí ìyẹn sàn.

Fún ẹ̀yin tó ń lo AMD, orúkọ ló yàtọ̀. Ryzen 9 7950X ní PPT 230 wáàtì, TDC 160 áńpíà fún ìgbà pípẹ́, EDC 225 fún ìfà òjijì.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé load-line (ètò BIOS tó ń pinnu bí fọ́ọ̀tì CPU ṣe ń wálẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀) dé ìpele tó ga jù kí fọ́ọ̀tì má bàa wálẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ń dì.

ÌDÁHÙN: Wọ́n dìídì ṣe ìwálẹ̀ yẹn ni. Bí ìdènà load-line bá jẹ́ mílíóòmù 1.1, 200 áńpíà á fa fọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní 0.22. Bí ẹ bá mú un kúrò, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró lójijì, fọ́ọ̀tì á fò kọjá ohun tí ẹ kọ, bí iṣẹ́ bá sì padà dé, á já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ló ti ń dì. Ẹ padà sí ìpele àárín, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe èyí tó dúró lójú kan. Bí ó bá gbà, ẹ dín fọ́ọ̀tì kù: láti 1.30 sí 1.20 ń gé agbára tí ṣíìpù fi ń ṣiṣẹ́ kù ní nǹkan bíi 15 nínú 100, ní iyára kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹ̀ṣọ́ inú páwà sọ́púláì lè dá orí wáyà onípíìnì 12 dúró kó má yọ́?

ÌDÁHÙN: Kò lè ṣe é. 600 wáàtì ní fọ́ọ̀tì 12 jẹ́ 50 áńpíà, píìnì 6 ló ń gbé e, 8.3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; 9.5 ni òpin wọn. Bí méjì kò bá kàn dáadáa, mẹ́rin tó kù á gbé 12.5, bẹ́ẹ̀ àròpọ̀ ṣì jẹ́ 50, páwà sọ́púláì kò ní rí ohun tó burú. Ẹ tì í wọlé títí tí àlàfo kankan kò fi ní sí, ẹ má tẹ wáyà sún mọ́ orí rẹ̀. Irú tuntun, 12V-2x6, gé píìnì ìṣọ́ kúrú kí GPU má lè fa iná bí kò bá wọlé tán. Ẹni tó bá ní mítà tó ń gbá wáyà mú, tó lè ka iná DC, kó wọn wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níkọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́: bí ọ̀kan bá ń gbé 11 tí èkejì ń gbé 4, kó pa kọ̀ǹpútà, kó yọ orí wáyà náà, kó tún un kì.