Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ kan ọkọ̀ yín lásìkò ọyẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọkọ̀, ẹ ó fi ṣe ire. Ẹ ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn ń hàn lára Camry dúdú yín bí oòrùn bá ti ràn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ lẹ ń nù ún ní Lugbe kí ẹ tó jáde, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ gbé e fún pẹ́ńtà kó tún un kùn. Ẹ fi owó yẹn sápò ná. Nínù tí ẹ ń nù ún yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ohun tí èmi náà fi ọwọ́ ara mi ṣe fún ọkọ̀ mi ní Kubwa nìyẹn.

Tòkunbọ̀ ni tèmi, dúdú ni òun náà, ó ń dán gbinrin bí dígí lọ́jọ́ tí mo gbà á. Oṣù Kọkànlá dé, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, eruku á ti bo ọkọ̀ bí ẹni ku èlùbọ́ lé e. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan ni mo fi ń nù ún: màá gbọ̀n ọ́n pàpà, màá nu ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejì, mo dúró ra epo ní ọ̀sán gangan, mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àyà mi já. Yípo-yípo ni ìlà yẹn lọ, bí ọwọ́ mi ṣe máa ń lọ láràárọ̀ gẹ́lẹ́.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku ilé. Láti aṣálẹ̀ Sahara lápá Chad ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀, ó ń gba Borno àti Kano kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Abuja. Iyanrìn kíkúnná wà nínú rẹ̀, irú èyí tó le ju gíláàsì lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tó wà lókè pátápátá tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dán, kì í sábà nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Ẹ wá gbé aṣọ gbígbẹ lé iyanrìn yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Sáńpépà lẹ fi ń ha ọkọ̀ yẹn.

Omi ni kó kọ́kọ́ kan ọkọ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mai ruwa ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ra omi, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ fi ṣòfò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta ti tó mi. Ọ̀kan, mo máa ń fi abọ́ bù ú láti orí ọkọ̀ kó ṣàn wálẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án rárá. Lẹ́yìn náà, garawa méjì: ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú èkejì. Fóòmù rírọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ rì í bọ inú ọṣẹ, ẹ fọ ibì kan, ẹ lọ ṣan án nínú omi lásán kí ẹ tó padà sídìí ọṣẹ. Bí ẹ bá ti fọ orí àti bọ́nẹ́ẹ̀tì tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ garawa omi lásán yẹn. Ẹrẹ̀ pupa tó rọ̀ síbẹ̀, ara ọkọ̀ ni ì bá máa yí kiri. Òkè lẹ ó ti máa fọ̀ ọ́ wálẹ̀; táyà àti rími ló kẹ́yìn, fóòmù tiwọn sì yàtọ̀. Fóòmù tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ má fi kan ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọṣẹ ìfọmọ́tò ni kí ẹ rà, torí ọṣẹ oníyẹ̀ẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ máa ń ṣí pólíìṣì kúrò, èyí tí kò bá sì yọ́ dáadáa nínú rẹ̀ ń ha nǹkan.

Ẹ fọ̀ ọ́ níbòòji, láàárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bọ́ọ̀hóòlù bá gbẹ mọ́ ọn lára nínú oòrùn, àmì funfun roboto ló máa fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi omi ṣan ọṣẹ kúrò, kíá lẹ ó fi tawẹ́ẹ̀lì microfiber tó mọ́ gba omi náà: ẹ tẹ́ ẹ lé e, kó mu omi, ẹ gbé e kúrò. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, ẹ má bu omi sí i.

Lọ́jọ́ tí kò bá sí àyè fífọ̀, ẹ fi eruku yẹn sílẹ̀ lára ọkọ̀. Ẹ fi omi wẹ gíláàsì iwájú kí ẹ lè ríran, kí ẹ sì máa lọ. Èyí ló ṣòro fún mi jù, torí àwa Yorùbá kò fẹ́ kí wọ́n rí ìdọ̀tí lára wa. Mẹ́gáàdì ibi iṣẹ́ mi náà máa ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún fún mi kí n tó jáde, inú rere ló fi ń ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án mọ́, ohun tí mo sì máa ń fún un tẹ́lẹ̀, mi ò dá a dúró.

Ní ti ìlà tó ti wà níbẹ̀, ẹ fi èékánná kọjá lórí rẹ̀ wẹ́lẹ́. Bí èékánná bá há, ó ti jìn nìyẹn. Bí kò bá há, pólíìṣì tí wọ́n fi ń yọ ìlà lára ọkọ̀ lè yọ ọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ọwọ́ ṣe tèmi, díẹ̀díẹ̀, ibi tí kò ju ìtẹ́lẹ̀ àwo lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kúrò, àyàfi lábẹ́ ibi tí a ń fà ṣílẹ̀kùn lápá dẹ́rẹ́bà. Pẹ́ńtà kò fi brọ́ọ̀ṣì kàn án títí dòní.