Ìbéèrè Òǹkàwé: Inú Àkẹtẹ̀ Ni Orúkọ Ẹni Tó Ṣe É Wà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kó àkẹtẹ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù jọ. Láìpẹ́ yìí ni mo ra ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tí rìbọ́nù dúdú yí ká. Wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tẹ “J. Hückel’s Söhne, Neutitschein” sára awọ inú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní iṣẹ́ Jámánì ni, pé wọ́n sì ti ṣe é ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Mo wá Neutitschein títí nínú máàpù, n kò rí i. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ fún mi? Àkẹtẹ̀ náà tún ń rùn díẹ̀; ṣé mo lè fọ̀ ọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, nítorí àkẹtẹ̀ gidi lẹ rà. Ẹni tó tà á fún yín kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ orúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ìlú náà kò sí ní Jámánì. Nový Jičín ni wọ́n ń pè é lónìí, ní ẹkùn Moravia, ní orílẹ̀-èdè Czech, ibẹ̀ sì ni ìdílé Hückel ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkẹtẹ̀ ní 1799, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ ọba Austria. Ní 1918, ó di ara Czechoslovakia. Jámánì gbà á ní 1938. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ó padà sọ́wọ́ Czechoslovakia, ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìdílé yìí, ó sì di Tonak.

Ìtàn yìí lẹ máa fi wá ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí “Czechoslovakia” níbikíbi lára àkẹtẹ̀ náà, kò lè jẹ́ ti ṣáájú ogun àkọ́kọ́. Bí kò bá sì sí nǹkan mìíràn ju Neutitschein lọ, ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á, torí elédè Jámánì ni ìdílé Hückel, wọn kò sì pa orúkọ ìlú wọn ní èdè náà tì lẹ́yìn 1918. Bákan náà ni idì olórí méjì, àmì ọba Austria, tí ẹ máa ń rí nínú àkẹtẹ̀ Vienna, olú ìlú Austria: àwọn tó ti gba oyè olùpèsè ààfin kò yára pa á rẹ́ nígbà tí kò sí ọba mọ́.

Ẹ wá rọra yí awọ inú náà síta, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ọ̀kan lára tèmi, mo bá ìwé pélébé kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ: 58 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ìwọ̀n orí ní sẹ̀ǹtímítà, ẹnì kan sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, 7 ni ẹ máa rí níbi tí ti sẹ̀ǹtímítà ti jẹ́ 57.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ pẹ̀lú, torí orúkọ ẹni tó ta àkẹtẹ̀ lè bo ti ẹni tó ṣe é. Ní 1849, ilé Lock tó ń ta àkẹtẹ̀ ní St James’s Street ní Lọ́ńdọ̀nù gba iṣẹ́ àkẹtẹ̀ líle kan fún oníbàárà kan tó ń jẹ́ Edward Coke, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Bowler, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Southwark, ni àkẹtẹ̀ náà ti jáde. Ti Borsalino tún yàtọ̀: Giuseppe Borsalino dá ilé iṣẹ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Alessandria, ní Ítálì, ní 1857, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dá tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlú kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ó sì ń kọ “fu Lazzaro”, ìyẹn ọmọ olóògbé Lazzaro, sínú àkẹtẹ̀ rẹ̀ títí ilé méjèèjì fi padà di ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ka ọ̀rọ̀ méjì kékeré yẹn yóò pe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ní ti ẹlòmíràn.

Ní ti fífọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé e sórí ooru omi gbígbóná. Irun ehoro ni wọ́n sábà máa ń lù pọ̀ di irú àkẹtẹ̀ yìí, oògùn tó ní mákíúrì nínú sì ni wọ́n fi ń pò ó láyé àtijọ́ kí irun náà lè so mọ́ra. Ó pa àwọn òṣìṣẹ́ náà lára gan-an: ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, iyè wọn á sì máa rá. Mákíúrì náà ṣì máa ń wà nínú àwọn àkẹtẹ̀ kan títí di òní. Nítorí náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ara rẹ̀ níta gbangba. Bí ẹ bá ń gbé e kalẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí etí rẹ̀ wà lókè, kí ó má baà ká. Bí awọ inú náà bá sì ti ń ya, ẹ má jẹ́ kí alátùn-únṣe kankan gé e sọnù, torí orúkọ Hückel wà lára rẹ̀. Ẹ ní kí ó rán an padà sí àyè rẹ̀.