Ẹ Bi Ìyá Agbẹ̀bí: Ọmọ lágbájá ti ṣe é, tèmi ńkọ́?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ jọjọ, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: ọmọ lágbájá ti ṣe é tèmi ò tíì ṣe é, àbí tèmi ló tètè ṣe é jù. Mo mú mẹ́rin níbẹ̀.

"Ọmọ mi pé oṣù 14, ó ń rá, ó ń di àga mú dìde, àmọ́ kò tíì dá rìn. Ọmọ orogún mi tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀ ti ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká gbẹ́ ilẹ̀, ká máa ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ yanrìn dé ìbàdí láràárọ̀. Ṣé ká ṣe é?" (Ìyá Ìdòwú, Kétu)

Ẹ fi yanrìn sílẹ̀ fáwọn tó ń mọlé, Ìyá Ìdòwú. Ọmọ tó ń rá tó sì ń di àga mú ti wà lọ́nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ wo àwọn ọmọ tára wọn le ní orílẹ̀-èdè 5, Gánà tó wà nítòsí wa yìí wà níbẹ̀, èsì ẹ̀ jáde ní 2006: àwọn tó yá jù dá rìn nígbà tí wọ́n lé díẹ̀ lóṣù 8, àwọn tó pẹ́ sún mọ́ oṣù 18, àwọn kan ò tiẹ̀ rá rárá kí wọ́n tó rìn. Tẹ́ẹ bá ń wo ọmọ orogún ẹ ò ní sùn. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ tẹ́ ẹní fún un, kó máa bá nǹkan dìde. Tó bá pé oṣù 18 tí ò rìn, tàbí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan ju ìkejì lọ, tàbí ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ò ṣe mọ́, ìgbà yẹn ni kẹ́ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní Pọbẹ̀.

"Ọmọkùnrin mi pé ọdún 2 àti oṣù 4. Ègùn ni mò ń sọ sí i, Yorùbá ni bàbá ẹ̀ àti ìyá àgbà ń sọ, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń gbé Faransé bọ̀ láti ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ò ju bíi 15 lọ. Tíṣà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní èdè ti pọ̀ jù fún un, ká mú Faransé nìkan. Ẹlòmíì ní ká lọ gé okùn abẹ́ ahọ́n ẹ̀." (Ìyá Ràmátù, Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo)

Ìyá Ràmátù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba Ègùn lẹ́nu yín. Àjàṣẹ́ la wà o, ẹ lọ sọ́jà Wàndó kẹ́ẹ wo àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn tajà, Ègùn ni wọ́n fi ń ná tòmátì, Yorùbá ni wọ́n fi ń bú àbúrò wọn, tí oníbàárà tó wọ kóòtù bá dé wọ́n á ki Faransé mọ́lẹ̀, ta ló jókòó kọ́ wọn? Èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í dá ọmọ dúró láti sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti wò ó títí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ á pín ọ̀rọ̀ ẹ̀ sáàárín àwọn èdè yẹn, ẹni tó bá wá ka ti ẹyọ kan péré á ní kò mọ nǹkankan. Tó bá ní "omi" fún ìyá àgbà, tó ní "sìn" fún yín, méjì nìyẹn. Ẹ jókòó kẹ́ẹ tún un kà, ẹ mú ti Faransé mọ́ ọn, kódà tó bá ń pe ewúrẹ́ ní "mẹ̀ẹ̀", ẹ kà á.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Tẹ́ẹ bá kà á tán tó ṣì jẹ́ 15, ó kéré. Ọmọ ọdún 2 yẹ kó ti ní bíi 50, kó sì ti máa so méjì pọ̀, "màmá wá", "omi tán". Torí náà ẹ má jókòó máa sọ pé bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Etí ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ kó gbájú mọ́ eré, ẹ dúró lẹ́yìn ẹ̀ níbi tí òjìji yín ò ti bọ́ síwájú ẹ̀, kẹ́ẹ pe orúkọ ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má fẹsẹ̀ janlẹ̀ o, ọmọ tí ò gbọ́ràn á fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣé etí ẹ̀ ti tú rí? Ṣé yírunyírun ti ṣe é, àbí ibà pọ́njú tó le nígbà tí wọ́n bí i? Gbogbo ìyẹn lè ba etí jẹ́. Kódà tó bá yíjú, ẹ ṣì jẹ́ kí dókítà etí wò ó, torí ó lè gbọ́ ohùn kan kó má gbọ́ òmíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó lọ gbé bàtà bàbá ẹ̀ wá, láìnàka sí i. Tó bá gbé e wá, ó yé e, ẹnu ló kù. Àmọ́ tí kì í nàka sí nǹkan tó wù ú, tí kì í wojú yín, tàbí tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀ tí ò sọ ọ́ mọ́, ẹ má dúró doṣù tó ń bọ̀.

Okùn abẹ́ ahọ́n lè dí ìkókó lọ́wọ́ láti mu ọmú dáadáa, kì í ṣe òun ló ń sọ pé kọ́mọ má sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé abẹ bọ̀, ẹ lé e. Fóònù náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, fóònù ń kọrin lóòótọ́ àmọ́ kì í dáni lóhùn, ọmọ tó sọ "bà" tẹ́nìkan bi í pé "bàbá àbí bàtà?" ló ń kọ́ ọ̀rọ̀. Tíṣà yẹn ń fẹ́ ire fọ́mọ, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ìyá tó bá ń fi Faransé tí ò dá a lójú bá ọmọ sọ̀rọ̀, gbólóhùn méjì péré lá á sọ tá á dákẹ́.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún 9, ọmú ẹ̀ ti ń yọ. Àwọn ìyá ilé ní ọkùnrin ti ń fọwọ́ kàn án ni, ẹ̀gbọ́n mi ti nà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè jẹ́wọ́." (Àǹtí kan, Ṣábẹ̀)

Kí wọ́n dáwọ́ nínà ọmọ yẹn dúró lónìí. Ọwọ́ ọkùnrin kọ́ ló ń mú ọmú yọ. Inú orí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí ò ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ló ń ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ẹyin, ilé ẹyin á dá họ́mọ́ònù tiẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ara, padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọmú á bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 8 sí 13 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọbìnrin, ká ní kò tíì pé 8 ni, mi ò bá ní kẹ́ẹ tètè rí dókítà. Apá kan lè kọ́kọ́ yọ, kó máa dùn ún, kí ìkejì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti fi ọmọ odó gbígbóná tẹ ọmú ẹ̀ kó má bàa yọ, ara ọmọ ló máa jó, kò ní dá nǹkankan dúró.

Nǹkan oṣù máa ń dé bíi ọdún 2 lẹ́yìn tí ọmú bá bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ ti láyè láti bá a sọ̀rọ̀ kó tó rí ẹ̀jẹ̀ ní kíláàsì láàárín àwọn ọmọkùnrin. Ẹ fi páàdì hàn án, tàbí aṣọ mímọ́ àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n ń sá a sóòrùn, kẹ́ẹ sì là á yé e pé ó lè lóyún. Tẹ́ẹ bá ń fura lóòótọ́ pé ẹnìkan ń fọwọ́ kàn án, ẹ bi í jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì, ọmọ tí wọ́n ń nà máa sọ ohunkóhun kẹ́ ẹ lè fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà lè bẹ ọmọdé.

"Ọmọkùnrin mi, ọdún 13, wà ní CEG, ilé-ìwé girama. Kókó yọ lábẹ́ orí ọmú ẹ̀, ó ń dùn ún, kì í bọ́ ẹ̀wù gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kì í tún tètè sùn, jíjí àárọ̀ ti dogun." (Bàbá Wàsíù, Àjàṣẹ́)

Kò fẹ́ di obìnrin o. Àwọn ọmọkùnrin tó ń bàlágà tó máa ń rí kókó yẹn ju ìdajì lọ, họ́mọ́ònù ló fà á, fúnra ẹ̀ ló ń lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi tiwọn pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Ti oorun, ara ọ̀dọ́ máa ń pẹ́ kó tó pe oorun lálẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ó ṣì nílò wákàtí 8 sí 10, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ ní aago 9. Àmọ́ tí kókó yẹn bá le gbagidi lápá kan, tó ń tóbi sí i, tí nǹkan ń jáde lórí ọmú, tàbí tó ń lo oògùn kan, ẹ mú un lọ bá dókítà, kẹ́ẹ kó oògùn ọ̀hún dání.