Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ogun Rọ́ṣíà àti Chechnya

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, a sọ̀rọ̀ nípa Chechnya, ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́bàá òkè Caucasus ní gúúsù Rọ́ṣíà, tó kéde òmìnira lọ́dún 1991, tí ogun méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Lẹ́tà yín pọ̀, ẹ ṣeun. Ti nọ́ọ̀sì tó kọ̀wé láti Ìbàdàn la fún láyè jù, torí pé ohun tó bèèrè lè gba ẹ̀mí là níbikíbi.

Ukraine, Kazakhstan àti Estonia kúrò lábẹ́ Sófíẹ́tì láìjagun. Kí ló dé tí ti Chechnya fi di ogun?
*Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òṣèlú, Ilé-Ifẹ̀*

Ipò tí kálukú wà nínú ìwé òfin ló kọ́kọ́ fà á. Ilẹ̀ ńlá 15 tí wọ́n ń pè ní rìpọ́bílíìkì ló para pọ̀ di Sófíẹ́tì, abala 72 nínú ìwé òfin ọdún 1977 sì sọ pé èyí tó bá wù nínú wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti yapa. Chechnya kò sí lára 15 yìí. Òun àti Ingushetia ni wọ́n jọ dè pọ̀ di agbègbè kan lábẹ́ Rọ́ṣíà. Nígbà tí Sófíẹ́tì tú ká níparí ọdún 1991, ààlà àwọn 15 náà ni gbogbo ayé gbà pé ó di ààlà orílẹ̀-èdè tuntun. Ẹni tó wà nínú yàrá nílé onílé kò rí kọ́kọ́rọ́ gbà.

Síbẹ̀, òfin nìkan kì í dá ogun sílẹ̀. Tatarstan náà wà lábẹ́ Rọ́ṣíà, òun àti Chechnya sì ni wọn ò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1992. Ṣùgbọ́n Tatarstan jókòó, ó ń dúnàá-dúrà, títí tó fi gba àdéhùn tirẹ̀ lọ́wọ́ Moscow ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1994. Ìbọn kan ò dún.

Ní Chechnya, ọgbẹ́ àtijọ́ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1944, Stalin, olórí Sófíẹ́tì nígbà náà, kó gbogbo ọmọ Chechnya àti Ingushetia, tọmọdé tàgbà, sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó ẹrù, ó ní wọ́n dalẹ̀, ó sì lé wọn lọ sí Kazakhstan àti àyíká rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kú lójú ọ̀nà. Ọdún 1957 ni wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti padà sílé. Dzhokhar Dudayev, ọ̀gágun òfuurufú Sófíẹ́tì tó di ààrẹ Chechnya, jẹ́ ìkókó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà ìkólọ yẹn. Ẹ̀rù irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìwé òfin. Ó kéde òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1991. Yeltsin, ààrẹ Rọ́ṣíà, kò gbà láti bá a jókòó lójúkorojú, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ lójú tiwa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1994, sójà Rọ́ṣíà wọlé.

Ẹni tó ń jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ṣé agbésùnmọ̀mí ni?
*Bàbá kan, Abẹ́òkúta*

Ẹ wo ẹni tó dojú ìbọn kọ, bàbá. Kí èèyàn fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ dá dúró, èrò òṣèlú nìyẹn. Bí òun àti sójà bá kojú ara wọn, ogun ni. Ṣùgbọ́n tó bá lọ ká aláìsàn mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, ìwà ọ̀daràn ni, ohun yòówù kó máa jà fún. Abala kẹta nínú àwọn àdéhùn Geneva ọdún 1949 de ìjọba àti ọlọ̀tẹ̀ pọ̀: ẹ má pa ẹni tó ti kó ohun ìjà sílẹ̀, ẹ má dá ènìyàn lóró, ẹ má kó èèyàn nígbèkùn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1995, Shamil Basayev, balógun Chechnya kan, kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn ìlú Budyonnovsk ní Rọ́ṣíà, ó sì mú èèyàn tó lé ní 1,000 nígbèkùn. Aboyún wà lára wọn. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Olórí ìjọba Rọ́ṣíà, Chernomyrdin, bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójú tẹlifíṣọ̀n, ogun dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, Basayev sì padà sílé láyọ̀. Ẹ̀kọ́ búburú tó kọ́ níbẹ̀ ni pé èrè wà nínú rẹ̀.

Ìjọba náà jẹ̀bi tiwọn. Sójà á yí abúlé ká, wọ́n á máa kó ọkùnrin jáde nílé kọ̀ọ̀kan, àwọn kan kì í sì í padà wá mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í dá Rọ́ṣíà lẹ́bi lórí irú ikú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ apá kan kò wẹ apá kejì mọ́.

Gáàsì tí wọ́n ní ó kàn ń kunni lóorun, báwo ló ṣe pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní tíátà Moscow?
*Nọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn*

Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, nǹkan bí 40 ọmọ Chechnya, lọ́kùnrin lóbìnrin, ya wọ tíátà Dubrovka, wọ́n sì ká èèyàn tó lé ní 800 mọ́ orí ìjókòó. Àwọn obìnrin wọn de bọ́ǹbù mọ́ ìbàdí. Wọ́n ní kí Rọ́ṣíà kó sójà kúrò ní Chechnya. Ní ìdájí ọjọ́ 26, àwọn ọmọ ogun àkànṣe tú gáàsì sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ilé náà kí gbogbo èèyàn lè sùn lọ kí bọ́ǹbù má baà dún. Kò sì dún lóòótọ́. Wọ́n pa gbogbo àwọn tó gbé ìbọn. Àmọ́ ẹni ìgbèkùn 130 ló kú, bí ìjọba ṣe kà á, díẹ̀ kíún sì ni ìbọn pa nínú wọn.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mínísítà ìlera tó jẹ́wọ́ pé ìdílé fentanyl, oògùn apàrora tó lágbára gan-an, ni oògùn náà ti wá. Ní 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde àyẹ̀wò aṣọ àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tó yè jáde: carfentanil àti remifentanil ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ mọ bí irú oògùn yìí ṣe ń ṣe. Mímí ló ń dá dúró. Ẹni náà á máa sùn, èémí á máa falẹ̀, ètè á dúdú, ahọ́n á fà sẹ́yìn dí ọ̀nà ọ̀fun, èébì á sì gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nínú gbọ̀ngàn tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, kò sí bí ìwọ̀n tí olúkúlùkù fà símú ṣe lè dọ́gba. Ọmọdé wà níbẹ̀, alárùn ọkàn wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti lo ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun dáadáa, láìsùn.

Ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ ni lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́. Wọn ò sọ fáwọn dókítà tó wà níta pé gáàsì ni wọ́n fẹ́ lò, ká má tíì sọ irú gáàsì tí í ṣe. Àwọn ọmọ ogun ń gbé èèyàn jáde, wọ́n ń tẹ́ wọn sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé nínú òtútù, ọ̀pọ̀ wọn ní ìdúbúlẹ̀ ẹ̀yìn, ojú sókè. Ìdúbúlẹ̀ yẹn nìkan tó pa èèyàn tí kò lágbára láti gbé ahọ́n ara rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìgboro ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ sí, láìsí oníṣègùn nínú rẹ̀. Aláìsàn ya lu àwọn ilé ìwòsàn kan lẹ́ẹ̀kan náà títí apá wọn ò fi ká a mọ́. Nígbà tí dókítà máa fi mọ̀ pé naloxone, oògùn tó ń ṣẹ́gun agbára irú oògùn yìí, ló yẹ kí òun wá, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ọ̀pọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù sọ pé lílo gáàsì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Rọ́ṣíà, nítorí ewu bọ́ǹbù. Ètò ìgbàlà tí kò péye àti ìwádìí tí wọn ò ṣe bó ṣe yẹ ni wọ́n jẹ̀bi rẹ̀. A gbà pẹ̀lú ilé ẹjọ́. Ẹni tó ní àyè láti ṣètò ìkọlù kò gbọdọ̀ ní òun ò rí àyè ṣètò áńbúláǹsì.

Ohun tó wúlò fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní wọ́ọ̀dù rèé, torí pé oògùn ìdílé yìí wà nígboro báyìí. Bí ẹni náà bá ṣì ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀fun là. Bí kò bá mí mọ́, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 6. Ẹ má tìtorí pé ẹ ń wá abẹ́rẹ́ dá a dúró. Naloxone miligíráàmù 0.4 sí 2 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà, a sì lè tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 sí 3. Agbára rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú 30 sí 90 lọ, májèlé náà sì lè pẹ́ nínú ara jù ú lọ. Ẹni tó lajú tó ní kí ẹ jẹ́ kí òun máa lọ sílé lè tún dákú lójú ọ̀nà. Ẹ dá a dúró. Bí èèyàn bá sì pọ̀, ẹ kọ aago tí ẹ gún un lábẹ́rẹ́ sí iwájú orí rẹ̀.

Ọmọ mélòó ló kú ní Beslan?
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo*

Ọmọ 186, ìyá wa, nínú èèyàn 334. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004 ni àwọn agbéìbọn ya wọ ilé ìwé kan ní Beslan, ìlú kan ní gúúsù Rọ́ṣíà, ọjọ́ tí ilé ìwé ń wọlé, tí àwọn òbí múra tẹ̀ lé ọmọ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Basayev náà ló ní òun rán wọn. Wọ́n kó èèyàn tó lé ní 1,100 sínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá, wọ́n so bọ́ǹbù rọ̀ sórí wọn, wọ́n sì fi omi dù wọ́n. Ooru mú àwọn ọmọ bọ́ aṣọ kù ṣòkòtò péńpé. Níta, ìjọba ń kéde pé èèyàn 354 péré ló wà níbẹ̀. Àwọn tó yè sọ pé irọ́ yẹn bí àwọn agbéìbọn náà nínú. Ruslan Aushev, ààrẹ Ingushetia tẹ́lẹ̀ rí, nìkan ló wọlé lọ bá wọn, ó sì mú èèyàn 26 jáde, àwọn abiyamọ àti ìkókó wọn. Ní ọjọ́ kẹta, bọ́ǹbù dún nínú gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù sọ pé Rọ́ṣíà ti gbọ́ ìròyìn ìkọlù náà ṣáájú, kò sì ṣe tó. Àti pé wọ́n yin àgbá ọkọ̀ ogun sílé náà nígbà tí àwọn ẹni ìgbèkùn ṣì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1996. Kí ló dé tí kò dúró?
*Òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì, Adó-Èkìtì*

Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá. Àdéhùn Khasavyurt, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, kó sójà kúrò, ṣùgbọ́n ó sún ìbéèrè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà, ṣé Chechnya dá dúró àbí kò dá dúró, di ìparí ọdún 2001. Aslan Maskhadov wọlé ìbò ààrẹ Chechnya lóṣù Kìíní ọdún 1997. Kò rówó tún Grozny, olú ìlú Chechnya, kọ́, kò sì lè gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn balógun tó jọ jà pẹ̀lú rẹ̀. Gbígbé èèyàn gbowó wá di òwò. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1999, omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: Basayev tó ti bá a ṣèjọba rí kó ogun wọ Dagestan, agbègbè Rọ́ṣíà tó bá Chechnya pààlà, láìgba àṣẹ rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, bọ́ǹbù wó ilé gbígbé ní Moscow àti ìlú mìíràn, nǹkan bí 300 èèyàn kú, sójà Rọ́ṣíà sì padà wọlé.

Ṣé ogun náà ti parí pátápátá?
*Ọ̀dọ́ kan, Èkó*

Ìbọn ti dákẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2009 ni Moscow kéde pé iṣẹ́ ogun parí níbẹ̀. Moscow fi ìdílé Kadyrov, ọmọ Chechnya tó ti bá a jà nígbà ogun àkọ́kọ́, jẹ olórí, ó sì ń rọ owó sí wọn lọ́wọ́. Grozny ti di ilé gíga àti mọ́ṣáláṣí ńlá. Àwọn tí sójà kó lọ nígbà náà lọ̀rọ̀ wọn ò tíì tán: ìyá wọn ṣì ń wá egungun ọmọ tí wọ́n máa sin. Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wọn lọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ Rọ́ṣíà ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2022.